Orúkọ Ọbẹ̀ àti Ìṣe Ọbẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Oúnjẹ Ìdílé ní Ìbàdàn Àtijọ́

Oríkì Ìbàdàn kò fi ohun tí ìlú náà jẹ pamọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu akéwì, ìbáà jẹ́ ní Ọjà'ba, ìbáà jẹ́ ní ìsàlẹ̀ Gbọ̀ngàn Mápó, kò ní pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ti òro, ti ìgbín, àti ti ìkarahun tí wọ́n fi po ọ̀rí mu. Ìtàn tí ó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà kò ṣe àjèjì sí ọmọ Ìbàdàn: nígbà tí ogun tú ìlú Lágelú ká, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ sá gun orí òkè, èso òro ni wọ́n ń ṣà jẹ, ìgbín ni wọ́n fi ṣe ẹran, ìkarahun rẹ̀ ni wọ́n sì sọ di ife. Oríkì ìlú púpọ̀ a máa ka adé àti ìlẹ̀kẹ̀; ti Ìbàdàn ka ohun tí ebi kọ́ àwọn ènìyàn láti jẹ, àwọn akéwì a sì máa kì í pẹ̀lú ìwúrí, bí ẹni pé òro àti ìgbín ga ju àsè ààfin lọ. Ìgbín jẹ́ ẹran tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀ tí èròjà amáradàgbà sì pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà àwọn akéwì kò jìnnà sí òtítọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni wọ́n ń wí. Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ìdílé tí ó bá mọ bí wọ́n ti ń sọ ohun tí ó wà nítòsí di oúnjẹ kò ní parun.

Ọgbọ́n yìí ni ó yẹ kí ó jẹ́ òṣùwọ̀n fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ìdílé ní Ìbàdàn. Láyé òde òní, àríyànjiyàn lórí ọ̀ràn náà ti gba ọ̀nà méjì, kò sì sí èyí tí ó tọ́ tán nínú méjèèjì. Àwọn kan ń wí pé oúnjẹ àwọn baba ńlá kò ní àbùkù kankan, pé bí àwọn ọmọ bá lè padà sí ìdí àmàlà àti ẹ̀kọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ yóò dàwátì. Àwọn kejì, tí púpọ̀ nínú wọn kàwé, ń wí pé òkèlè lásán ni oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá, pé ó ń kún ikùn ni, kò ṣe ara lóore. Bí ènìyàn bá fetí sí wọn dáadáa, orúkọ oúnjẹ ni wọ́n ń pè ní ìhà méjèèjì. Kò sí ẹni tí ó ṣí ìdérí ìkòkò wò.

Òwe kan wà tí tọmọdé tàgbà mọ̀, tí ó fi iyán sí ipò oúnjẹ, tí ó fi ọkà sí ipò oògùn, tí ó ní àìrí rárá ni ó ń sọ ni di ẹlẹ́kọ, tí ó sì fi gúgúrú sílẹ̀ fún ẹnu tí kò fẹ́ dilẹ̀. Àwọn olùkọ́ a máa fi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí ẹni pé òfin ìlera ni. Òwe náà dùn ún gbọ́, ó sì ń pa ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ràn lórí oúnjẹ, kò tó nǹkan. Ẹnu ẹni tí iyán kò wọ́n ni ó ti jáde: ẹni tí yóò jẹ iyán lójoojúmọ́ ní láti ní iṣu, kí ó ní odó, kí ó sì ní apá tí yóò gún un. Ìyá tí ó ń pàtẹ ní Ọjà'ba láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́, ẹ̀kọ ni ó fi ń bọ́ ilé rẹ̀, kì í sì í ṣe àìrí rárá ni ó mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé òkèlè nìkan ni òwe náà tò lẹ́sẹẹsẹ. Kò dárúkọ ọbẹ̀ kan ṣoṣo. Bẹ́ẹ̀ ni, nínú agboolé Ìbàdàn, ọbẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ obìnrin ilé. Òkèlè ìdílé kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti èkejì. Ọbẹ̀ ni ó ń yàtọ̀, ọbẹ̀ sì ni ìyakọ ń jókòó tì láti fi kọ́ ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé. Ọkà tí òwe pè ní oògùn, ọbẹ̀ tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ni ó lè sọ ọ́ di oògùn, òun náà ni ó sì lè sọ ọ́ di ẹrù inú lásán.

Ọgbọ́n gidi tí èdè fi pamọ́ wà níbòmíràn, ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò pè ní ibi ọgbọ́n. Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ oúnjẹ ní òun nìkan. Ẹ̀kọ ń tẹ̀ lé àkàrà tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Ẹ̀gbo ń tẹ̀ lé ẹ̀wà. Gúgúrú ń tẹ̀ lé ẹ̀pà. Àmàlà ń tẹ̀ lé gbẹ̀gìrì. Ní ìhà kan, àgbàdo tàbí iṣu ni. Ní ìhà kejì, ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ti fi yé ni pé èròjà amáradàgbà inú àgbàdo kò pé, nítorí pé ohun kan tí wọ́n ń pè ní lysine kò tó nínú rẹ̀. Pé ẹ̀wà ní lysine lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n òun náà kò ní methionine tó, èyí tí àgbàdo lè fi kún un. Bí wọ́n bá jẹ wọ́n pọ̀, ọ̀kan a dí àlàfo èkejì. Àwọn ìyá tí ń jókòó ti agbada àkàrà ní Oríta-mẹ́rin kò gbọ́ orúkọ èròjà wọ̀nyí rí, síbẹ̀ wọn kò ya ẹ̀kọ nípá kúrò lára àkàrà. Ti gúgúrú àti ẹ̀pà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, nítorí ẹ̀pà pàápàá kò ní lysine tó. Ó sì yẹ kí àwọn tí ń yin ọgbọ́n àtijọ́ mọ ìyàtọ̀ yìí, kí wọ́n má baà yin ohun tí ó tọ́ àti ohun tí kò tọ́ ní ohùn kan náà.

Àmàlà ni ó yẹ kí ó gba ọ̀rọ̀ jù, nítorí pé òun ni àwọn ará ìta fi ń dá Ìbàdàn mọ̀. Kì í ṣe iná ni iṣẹ́ àmàlà ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọn a bó iṣu, wọn a gé e, wọn a dà á sínú omi tí ó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó. Bí omi bá hó, iṣu jinná, kò sì ní ṣe èlùbọ́ mọ́. Inú omi yìí ni yóò sùn mọ́jú kí wọ́n tó kó o jáde lọ sá sí oòrùn. Gbodo ni orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó bá gbẹ kan. Odó ni gbodo ń lọ, láti odó ó lọ sí ẹ̀rọ, kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ni ó sì ń kẹ́yìn rẹ̀. Dúdú tí àmàlà ń dú kì í ṣe ìdọ̀tí, gẹ́gẹ́ bí àlejò ti máa ń rò. Afẹ́fẹ́ ni ó pàdé èròjà kan nínú iṣu tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí. Èrè iṣẹ́ gígùn yìí ni pé iṣu tí ìbá jẹrà nínú àká di ohun tí yóò bá ìdílé dé ìgbà iṣu tuntun. Ìpamọ́ ni. Ẹni tí ó bá ń wọn oore oúnjẹ pẹ̀lú fítámì nìkan yóò gbàgbé pé ebi ìgbà tí iṣu tán jẹ́ àrùn tí ó pa àwọn ọmọdé púpọ̀ nígbà àtijọ́, èlùbọ́ sì ni oògùn rẹ̀. Bóyá ohun tí òwe náà ní lọ́kàn nìyí.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tẹ̀ lé èlùbọ́ kan náà wọ ọjà òde òní. Èlùbọ́ tí ó ti Òkè-Ògùn wọ Ìbàdàn ti la ọwọ́ púpọ̀ kọjá kí ó tó dé orí iná, ẹni tí ó ń rò ó kò sì mọ ẹni tí ó sá a. Kòkòrò a máa jẹ gbodo. Àwọn oníṣòwò kan, kí ọjà wọn má baà bàjẹ́, a máa fi oògùn apakòkòrò sí i. Àwọn dókítà ti kọ̀wé láti Kano nípa àwọn ìdílé tí wọ́n jẹ àmàlà tán tí èébì àti gìrì mú wọn, tí ìfura sì wà lórí èlùbọ́ náà. Nígbà tí gbodo ń gbẹ lórí òrùlé agboolé, tí ìyá ilé sì mọ iye ọjọ́ tí ó lò nínú oòrùn, irú ewu yìí kò rí àyè wọlé. Àmàlà ni wọ́n ń pè é nígbà náà, àmàlà náà ni wọ́n ń pè é títí di òní.

Ọ̀rọ̀ gbẹ̀gìrì àti ewédú tún fi èyí hàn kedere. Wọn a rẹ ẹ̀wà, wọn a bó èèpo rẹ̀ kúrò, wọn a sè é títí yóò fi tú, ìjábẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pò ó kí epo, irú, ata àti edé tó wọ inú rẹ̀. Ìjábẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń ja ewédú nínú omi tí wọ́n fi kánún díẹ̀ sí. Nígbà tí àwo bá dé iwájú ẹni, gbẹ̀gìrì, ewédú àti ọbẹ̀ ata a pàdé lórí àmàlà: ẹ̀wà fún ara tí ń dàgbà, ewé tútù fún ẹ̀jẹ̀, epo pupa fún ojú, nítorí pé epo pupa kún fún ohun tí ara ń sọ di fítámì A, ọ̀rá rẹ̀ ni ó sì ń jẹ́ kí ara rí èyí tí ó wà nínú ewé lò. Àbùlà ni wọ́n ń pe ìpàdé yìí. Ó ṣeni ní kàyéfì pé ọ̀rọ̀ kan náà ni Yorùbá fi ń pe ẹmu tí wọ́n ti bomi là, ohun tí kì í ṣe ojúlówó mọ́. Èdè kò ṣe àṣìṣe: ẹni tí ó bá bu nǹkan mọ́ nǹkan lè fi kún un, ó sì lè fi bà á jẹ́. Àbùlà tí ọ̀pọ̀ ń jẹ nísinsin yìí, tí gbẹ̀gìrì inú rẹ̀ kò ju ìtọ́wò lọ, tí òróró léfòó lórí ọbẹ̀ ata rẹ̀, tí àmàlà inú rẹ̀ sì ga bí Òkè Mápó, ìtumọ̀ kejì ni ó bá mu.

Ó yẹ kí wọ́n gba ẹnu àwọn tí ń sọ pé kí oúnjẹ ìbílẹ̀ wà láì ní àjèjì nínú. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà àti ata gbogbo ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí òkun. Kò sí èyí tí Odùduwà jẹ nínú wọn. Ohun tí àwọn ìyá ṣe ni pé wọ́n mú àlejò wọ inú ìṣe tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ẹ̀gẹ́ dé, wọ́n fi í sínú omi bí iṣu èlùbọ́, wọ́n sá a, wọ́n lọ̀ ọ́, ó di láfún. Rírẹ̀ yìí kì í ṣe eré, nítorí pé ẹ̀gẹ́ ní májèlé tí ń jẹ́ sáyánáìdì nínú, omi àti ọjọ́ tí ó fi ń kan ni wọ́n sì ń lé e jáde. Ní àwọn ọdún 1960, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ìwádìí lórí àìsàn kan tí ó ń mú ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ta gìrọ́gìrọ́, tí ó sì ń pa ojú wọn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ẹ̀gẹ́ ti jẹ́ oúnjẹ lójoojúmọ́. Ó so àìsàn náà mọ́ májèlé yìí nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1968. Àwọn olùwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti jiyàn lórí ohun tí ó fa àìsàn náà gan-an, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó jiyàn pé ẹ̀gẹ́ tí kò rẹ̀ tó kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí ó bá gé ọjọ́ rírẹ̀ ẹ̀gẹ́ kúrú kí ọjà lè tètè yá, ó ti yọ oògùn kúrò nínú oúnjẹ, ó sì fi orúkọ oúnjẹ sílẹ̀.

Nísinsin yìí, ó kan ẹ̀rí tí àwọn olùyìn oúnjẹ ìbílẹ̀ máa ń pè jù. Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà dáwọ́ lé ìwádìí kan lórí àwọn àgbà tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀ṣúntókun ni ó ṣáájú ní ìhà ti Ìbàdàn kí ó tó kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì sì gba iṣẹ́ náà. Hugh Hendrie ni ó wà ní ìhà kejì. Àdúgbò Ìdíkàn, nínú Ìbàdàn àtijọ́, ni wọ́n mú. Wọ́n sì fi àwọn ará ibẹ̀ wé àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé ní ìlú Indianapolis. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Nínú àwọn 2,459 ará Ìdíkàn, àwọn tí àrùn tí ń gba iyè lọ́wọ́ àgbà mú tuntun láàárín ọdún kan jẹ́ ìdá 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún. Nínú àwọn 2,147 ti Indianapolis, ó jẹ́ ìdá 3.24. Ti àrùn Alzheimer nìkan jẹ́ 1.15 ní ìhín, 2.52 ní ọ̀hún. Àwọn olùwádìí náà ṣàkíyèsí pé ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìdíkàn kò pọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò wọ́pọ̀ láàárín wọn tó ti èkejì, pé oúnjẹ wọn sì jẹ́ ti ọkà, iṣu àti ẹja díẹ̀, tí ọ̀rá kò pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ̀rí tí ó ga ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ àti ohun tí wọ́n fi sí i lẹ́nu kì í ṣe ọ̀kan náà. Àwọn olùwádìí kò wí pé àmàlà ni ó pa iyè àwọn àgbà mọ́. Oúnjẹ jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n kà, ìrìn ẹsẹ̀, iṣẹ́, ìran àti ìgbé ayé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tí ó pé ọdún 65 ní 1992 ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun ṣáájú 1930. Ìkòkò amọ̀ ni wọ́n fi sè fún un ní kékeré, irú ni ó fún ọbẹ̀ rẹ̀ ní adùn, ẹran sì jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọdún. Òkèlè ńlá tí ó ń jẹ kò pọ̀ jù fún un, nítorí pé ará Ìbàdàn ìgbà náà ní ilé méjì: agboolé nínú ìlú, abà lóko. Ẹsẹ̀ ni ó fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni ó fi ń bọ̀, ọkọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín méjèèjì. Ìwé tí P. C. Lloyd, Akin Mábògùnjẹ́ àti Bọ́láńlé Awẹ́ ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1967 lórí ìlú Ìbàdàn kò ṣàì fi ìsopọ̀ ìlú àti oko yìí hàn. Ọmọ ọmọ àgbà náà tí ó jókòó sẹ́yìn tábìlì ọ́fíìsì, tàbí tí ó ń wa mọ́tò láti Bẹẹrẹ lọ sí Dùgbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí ó sì ń béèrè òkèlè baba rẹ̀, ó jogún àwo, kò jogún ọkọ́. Ìwádìí mìíràn tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru mú ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìdá 26 ní erékùṣù Kàríbíánì, àti ìdá 33 ní Amẹ́ríkà. Ìran kan náà ni. Ọ̀nà ni wọ́n rìn tí wọ́n fi yàtọ̀. Kò sì sí ohun tí ó sọ pé ẹni tí ó jókòó sí Ìbàdàn kò lè rin ọ̀nà náà láì wọ ọkọ̀ òkun.

Kí ó tó di pé wọ́n fi gbogbo ẹ̀bi lé ayé òde òní lórí, ó yẹ kí wọ́n wo àbùkù tí ó wà nínú ìdáná ìdílé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn kò sí nínú ìkòkò rárá. Ó wà nínú ìpín. Wọ́n a máa wí pé ọmọ tí ó bá ń jẹ ẹyin yóò di olè. Ẹran ọbẹ̀ jẹ́ ti baba, lẹ́yìn rẹ̀ ti àwọn àgbà, èyí tí ó bá sì ṣẹ́ kù, bí ó bá ṣẹ́ kù, ni àwọn ọmọ yóò fa ya. Àwọn tí ń yin ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó wà nínú àṣà yìí kò wo ara ọmọ tí wọ́n ń kó níjàánu. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lẹ́nu ọmú, ẹ̀kọ mímu ni wọ́n fi ń tọ́ ọ. Ẹ̀kọ mímu yìí, nígbà tí wọ́n bá ń sẹ́ ògì, púpọ̀ nínú èròjà amáradàgbà àgbàdo ń bá èérí lọ. Àìsàn tí ó tẹ̀ lé e ni Cicely Williams ṣàpèjúwe ní Gold Coast ní àwọn ọdún 1930, tí ó sì fi orúkọ tí àwọn Gã ń pè é kọ ọ́ sínú ìwé: kwashiorkor, àìsàn ọmọ tí àbúrò dé bá. Ní ilẹ̀ Yorùbá, dókítà Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, dá ibi ìtọ́jú ọmọdé sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ní àwọn ọdún 1950. Ibẹ̀ ni ó ti ṣe ìwé tí ìyá fi ń tọpa ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ lóṣooṣù, èyí tí gbogbo ayé wá ń lò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wọ̀n kò jẹ Indomie. Oúnjẹ ìbílẹ̀ ni wọ́n jẹ. Ẹni tí ó bá pa èyí mọ́ nínú ìyìn rẹ̀ ti pa àwọn ọmọ náà mọ́ pẹ̀lú.

Àbùkù kékeré mìíràn wà. Wọ́n a máa bọ ẹ̀fọ́, kí wọ́n fún un, kí wọ́n sì da omi rẹ̀ nù, fítámì sì bá omi lọ. Ewúro ní àwíjàre, nítorí kíkorò rẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kò ní. Kánún tí ó ń mú ewédú yọ̀ àti ẹ̀wà tètè rọ̀, ó ń ba fítámì B kan jẹ́ nínú wọn, irú iyọ̀ kan sì ni òun náà fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Epo pupa tí wọ́n bá yan títí tí ó fi funfun ti sọ ohun tí ó fi dára jù nù sínú èéfín. Kò sí èyí nínú wọn tí ó ṣòro láti tún ṣe, bí olùkọ́ bá lè sọ ọ́ ní èdè ilé ìdáná.

Ibi tí olùkọ́ gan-an ti jẹ̀bi nìyẹn. Ìwé ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kà a máa pín oúnjẹ sí ẹ̀ka-ẹ̀ka: èyí tí ń fún ni lókun, èyí tí ń mú ara dàgbà, èyí tí ń dènà àrùn. Ọmọ a kọ́ ọ sórí, a sì kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìdánwò pé ẹyin, wàrà àti èso ápù dára. Nígbà tí ó bá délé ní Bẹyẹrúnkà, ẹ̀bọ̀lọ̀ wà lórí àtẹ ní ẹnu ọ̀nà, kò sì mọ ẹ̀ka tí ó bọ́ sí. Ìmọ̀ wà nínú ìwé, oúnjẹ wà nínú àwo, kò sì sí ẹni tí ó fi wọ́n han ara wọn. Bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ kọ orúkọ ewé ọbẹ̀ mẹ́wàá tí ìyá ìyá rẹ̀ mọ̀, kí ó sì kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sè é, ẹ̀kọ́ èdè àti ẹ̀kọ́ ìlera ì bá ti di ọ̀kan. Òdú, gbúre, yánrin, amùnùtutù: àwọn orúkọ wọ̀nyí ń kúrò lẹ́nu, bí orúkọ bá sì ti kúrò lẹ́nu, ewé náà di koríko tí wọ́n ń ro dànù.

Ó kù ọ̀ràn irú, tí ó le jù. Kí irú tó di irú, wọn yóò se hóró igbá láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Wọn yóò gún un tàbí kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí èèpo rẹ̀ tó bọ́. Wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò tún un sè, wọn yóò fi ewé àti aṣọ bò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi kan. Èrè rẹ̀ ni pé ọbẹ̀ tí ó ní irú kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ẹran tàbí iyọ̀ púpọ̀ kí ó tó dùn. Hóró kékeré tí wọ́n ń já lára bébà sínú ọbẹ̀ gba ipò rẹ̀. Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú hóró náà, nígbà tí ó jẹ́ pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbà ń jẹ lójúmọ́ má pé gíráàmù 5. Àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń kígbe jù pé adùn ọbẹ̀ ti lọ. Wọn kì í sọ pé obìnrin ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń kígbe lé lórí, pé obìnrin Ìbàdàn kò sì jókòó sílé rí: oníṣòwò ni, ó sì ti pẹ́ tí ìdílé rẹ̀ ti ń ra ẹ̀kọ àárọ̀ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ, àkàrà lọ́wọ́ alákàrà, kí òun lè tètè dé ìsọ̀. Nínú agboolé, ìyàwó mẹ́ta tàbí mẹ́rin a máa gba oúnjẹ alẹ́ sè ní ìpín-ìpín, àwọn ọmọbìnrin a sì máa ṣa ewédú lọ́wọ́ wọn. Ìyàwó kan ṣoṣo tí ó wà nínú yàrá méjì, tí ó dé láti ibi iṣẹ́ ní agogo méje alẹ́, ni wọ́n wá ń béèrè ọbẹ̀ agboolé náà lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí. Hóró inú bébà náà kò ju náírà díẹ̀ lọ, kò sì nílò ẹni tí yóò ṣọ́ ọ mọ́jú. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí irú borí rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan tí àwọn olùyìn oúnjẹ ìbílẹ̀ kò tí ì dáhùn: ta ni yóò jí se igbá náà, kí ni wọn yóò sì san fún un?